Ìgò Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Aago márùn-ún ìdájí, Winnipeg ṣì ń hanrun.
Òtútù náà pọ̀ débi pé itọ́ á dì kó tó balẹ̀.
Èmi àti Orysia fi irin gígùn ṣí ọmọrí kòtò
ní ìkángun òpópónà Selkirk,
ooru sì rú túú sókè bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò ẹ̀wà.
Orysia ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará ìlú."
Àwọn tó ń kí kò gbọ́. Wọ́n ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ohun tó ti ara wọn jáde lánàá ló ń ṣàn kọjá lábẹ́ wa.

Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.
Bàbá mi ló máa ń pa òwe yẹn
bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè bá ń rẹ́rìn-ín kọjá níwájú ilé.
Kò mọ̀ pé iṣẹ́ ọmọ òun ló ń sọ tẹ́lẹ̀.
Nígbà tó béèrè lórí fóònù pé kí ni mò ń ṣe ní Kánádà,
mo ní, "Ìṣirò ni, Bàbá. Mò ń fi ìṣirò wá ọ̀nà tí àrùn ń gbà."
N kò dárúkọ ìgò.
N kò dárúkọ kòtò.

Ìgò kan, tí kò tóbi ju ìgò oyin lọ,
ẹgbàá mẹ́wàá ilé ló wà nínú rẹ̀.
Kò mọ ẹni tó san owó orí,
kò mọ ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kú,
kò mọ ẹni tó ń wúkọ́ sínú ìrọ̀rí
kí wọ́n má baà ní kó jókòó sílé láìgbowó.
Ẹni tí kò lọ rí dókítà ṣáà lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀?
Tí òjò dídì bá yọ́, omi a pọ̀, àrùn a sì dà bí ẹni pé ó dínkù.
A gbọ́dọ̀ mọ iye ènìyàn tó wà nínú omi.
Ata la fi ń mọ̀ ọ́n.
Ata náà ní àrùn tirẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ ènìyàn ní nǹkan kan,
tó ń gba inú gbogbo wa kọjá láìkú.
Ẹni tó jẹ sọ́ọ̀sì inú ike, ẹni tó jẹ ata rodo,
gbogbo wa la fọwọ́ sí ìwé.
Mo rántí ọbẹ̀ tí mo sè ní Sátidé,
bí Dókítà Thiessen ṣe ń wá omi kiri tomijé-tomijé.
Èmi nìkan á ti tó ènìyàn mẹ́rin nínú ìṣirò yìí.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá, ìlà orí kọ̀ǹpútà gbé orí sókè.
Ilé ìwòsàn dákẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń mu kọfí.
Àwọn ọmọdé ń yọ̀ lórí yìnyín.
Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta, ìlà náà kò tẹrí ba.
Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà: ọjọ́ méjìlá sí i, ibùsùn á kún.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi jìnnà sí òótọ́,
ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún ní ojú, ó ní orúkọ:
ìyá Orysia wà ní ilé àwọn arúgbó ní òdìkejì odò,
ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n fẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò.
Lẹ́tà mi ni wọ́n tẹ̀ lé.

Orysia kò bá mi wí.
Ó kàn wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ìsìnkú,
ó gbé irin gígùn, ó ní, "Ṣé o ò ní mú ìgò wá ni?"
Ooru rú sókè. Kò kí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.
Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu kòtò, tí mo rọra ní,
"Ẹ káàárọ̀ o,"
mo sì dúró díẹ̀, bí òmùgọ̀, kí ẹnìkan lè dáhùn.

Mo dé ìgò. Mo kọ ọjọ́ sí i lára.
Omi náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.